Nígbà Tí Oògùn Bá Gbòdì: Fífọ Ẹ̀jẹ̀ Ẹni Tí Awọ Rẹ̀ Ń Bó

Oògùn tó bá gbòdì lára sábà máa ń kọ́kọ́ hàn lójú awọ. Ara á máa yún, á sú wẹ́wẹ́, ojú á wú díẹ̀. Bí a bá sì ti dáwọ́ oògùn náà dúró, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n irú kan wà tí kì í rọlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibà ló máa ń ṣáájú, ojú á máa ta, ọ̀nà ọ̀fun á máa dun aláìsàn, àwọn ará ilé á sì rò pé ibà lásán ni. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, àbàwọ́n á yọ sí àyà àti ojú, ètè á bó, ẹnu á di egbò, awọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í léròrò. Ẹni tó bá ti rẹ ẹ̀wà sómi fún àkàrà rí mọ bí èèpo ẹ̀wà ṣe ń yọ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni awọ aláìsàn yìí ń ṣe bí dókítà bá fi ìka tì í díẹ̀: awọ òkè á sún kúrò, ẹran pupa tútù á sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Lára ènìyàn dúdú, pupa ìbẹ̀rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ohun tí ojú máa ń rí ni àbàwọ́n tó ṣú ju awọ tó yí i ká lọ. Àmọ́ kì í ṣe ojú nìkan ló ń dá a mọ̀. Awọ tó sú lásán máa ń yúnni ni. Awọ tó fẹ́ bó máa ń dunni, kódà kí ìléròrò kankan tó yọ.

Ní ọdún 1922, dókítà méjì ní New York, Albert Stevens àti Frank Johnson, kọ ìròyìn nípa ọmọdékùnrin méjì tí ibà mú, tí ara wọn sú, tí ẹnu wọn bó, tí ojú wọn sì di egbò. Orúkọ àwọn dókítà méjèèjì ni wọ́n fi ń pe èyí tó mọ níwọ̀n nínú àìsàn náà títí dòní, ìyẹn Stevens-Johnson. Ní ọdún 1956, Alan Lyell, dókítà awọ tó jẹ́ ọmọ Scotland, kọ̀wé nípa aláìsàn mẹ́rin tí awọ wọn ṣí bí ti ẹni tí omi gbígbóná dà lé lórí. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní TEN. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n tó gbà pé àìsàn kan náà ni méjèèjì, pé ìwọ̀n ló yàtọ̀. Bí awọ tó bó kò bá tó ìdá 10 nínú 100 gbogbo ara, Stevens-Johnson ni. Bó bá ju ìdá 30 lọ, TEN ni. Ohun tó wà láàárín sì jẹ́ àdàlù. Òṣùwọ̀n rẹ̀ kò jìnnà: àtẹ́lẹwọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìka rẹ̀, tó bí ìdá 1 nínú 100 ara rẹ̀.

Àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n. Nínú mílíọ̀nù kan ènìyàn, àwọn tó ń ní in lọ́dún kì í sábà ju ẹnì kan sí mẹ́fà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì láàárín àwọn tó ní kòkòrò HIV lára. Ṣíṣọ̀wọ́n rẹ̀ kò sọ ọ́ di kékeré. Nínú ẹni 100 tí Stevens-Johnson mú, bí 5 sí 10 lè kú. Ti TEN máa ń tó 30, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awọ ló ń sé omi mọ́ inú ara, òun ló ń dá kòkòrò àìsàn dúró lóde, òun náà ló ń pa ooru mọ́. Nígbà tó bá ṣí kúrò, omi á máa jò, òtútù á máa mú aláìsàn nínú ooru ọ̀sán gangan, kòkòrò á sì ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀nà ìkẹyìn yìí ló ń pa ọ̀pọ̀ wọn.

Àwọn oògùn tó sábà ń fà á kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe àjèjì. Àwọn oògùn sulfa ló ṣáájú: co-trimoxazole tí gbogbo ayé mọ̀ sí Septrin, àti sulfadoxine tó wà nínú Fansidar. Lẹ́yìn wọn ni oògùn wárápá àti gìrì, bíi carbamazepine, phenytoin, phenobarbital àti lamotrigine. Allopurinol fún àrùn oríkèé tí wọ́n ń pè ní gout. Nevirapine fún HIV. Àti irú oògùn ara ríro bíi piroxicam àti meloxicam. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò ń lo Fansidar lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti dènà ibà láàárín ọdún 1982 sí 1985, àwọn aláṣẹ ìlera ṣírò pé ẹnì kan ń kú nínú àwọn bí 11,000 sí 25,000 tó ń lò ó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi jáwọ́ nínú ìlò ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ náà. Èyí tí wọ́n ń fún aláboyún nílé ìwòsàn yàtọ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gbé e mì, ó kéré tán oṣù kan á sì kọjá kó tó tún di òmíràn. Ewu ibà fún ìyá àti oyún sì ju ewu oògùn náà lọ dáadáa.

Ọjọ́ tó ń kọjá láàárín ìlò oògùn àti ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Ó sábà máa ń tó ọjọ́ 4 sí 28. Ẹni tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó lónìí lè ti jẹ oògùn tó ṣe é náà tán ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí ibà ìbẹ̀rẹ̀ dé, ó gbé paracetamol mì; nígbà tí ara sú lọ́jọ́ kejì, paracetamol ni wọ́n dá lẹ́bi. Ìwà ilé ìtajà oògùn tún dá kún un. Oníbàárà tó bá ní ara ń ro òun kì í sábà ra odindi páálí. Wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì gé mẹ́rin lára káàdì kan, wọ́n á gé mẹ́fà lára òmíràn, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kékeré. Orúkọ oògùn á wà lára èyí tó ṣẹ́kù sórí pẹpẹ. Ní wọ́ọ̀dù, dókítà á béèrè orúkọ; èsì tó máa gbà ni pé ọ̀kan funfun, ọ̀kan sì jẹ́ aláwọ̀ méjì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara kì í ṣe pé oògùn náà ń jó awọ bí ásíìdì. Ara fúnra rẹ̀ ló ń ba awọ ara rẹ̀ jà. Lójú ọ̀pọ̀ jù lọ sẹ́ẹ̀lì ara ni àmì kan wà tí ètò ààbò ara fi ń mọ ọmọ ilé yàtọ̀ sí àlejò. HLA ni wọ́n ń pe ẹbí àwọn àmì wọ̀nyí, a sì ń jogún wọn lọ́dọ̀ òbí. Lára àwọn kan, oògùn máa ń rọ̀ mọ́ àmì yìí, ọmọ ilé á wá dà bí àlejò lójú àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun. Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ ní Taiwan fi hàn pé àmì kan báyìí, HLA-B*15:02, so mọ́ ìgbòdì carbamazepine láàárín àwọn Ṣáínà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n rí ti allopurinol. Ní Màláwì, ìwádìí ọdún 2013 rí àmì mìíràn fún nevirapine. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ Taiwan kan náà yẹ omi inú ìléròrò wò, wọ́n sì bá èròjà kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní granulysin. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun ló ń tú u jáde. Nígbà tí wọ́n gún un sí awọ eku, awọ eku náà léròrò.

Nítorí náà, ohun méjì ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tí dókítà lè fẹ́ kó kúrò. Èkíní ni oògùn náà àti àwọn ohun tí ẹ̀dọ̀ ti sọ ọ́ dà. Èkejì ni àwọn èròjà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun ń tú sílẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń pe ara wọn sójú ìjà àti èyí tí wọ́n fi ń pa awọ. Orí méjèèjì yìí ni èrò fífọ ẹ̀jẹ̀ dúró lé.

Ìtọ́jú àkọ́kọ́ kò nílò ẹ̀rọ: kí a dá oògùn dúró. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2000, lórí aláìsàn 113, rí i pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi tètè dá oògùn dúró ń dín ewu ikú kù ní bí ìdá 30 nínú 100. Ṣùgbọ́n ìwádìí náà fi ohun mìíràn hàn tí kò dùn mọ́ni. Fún oògùn tó máa ń pẹ́ lára, títètè dá a dúró kò fi èrè kan náà hàn. Ara kì í tu oògùn nù lẹ́ẹ̀kan. Ó ń dín in kù sí ìdajì, ó tún ń dín ìdajì yẹn kù sí ìdajì. Phenobarbital máa ń lo bí ọjọ́ mẹ́rin kó tó dín kù sí ìdajì lára àgbàlagbà. Ẹni tó gbé e mì kẹ́yìn lọ́jọ́ Ajé ṣì ní bí ìdá mẹ́rin rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ awọ tó ń bó kò dúró de ẹnikẹ́ni. Oxypurinol tí ẹ̀dọ̀ ń sọ allopurinol dà máa ń pẹ́ gan-an lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Irú àwọn aláìsàn wọ̀nyí ni fífọ ẹ̀jẹ̀ bọ́gbọ́n mu fún jù lọ.

Fífọ ẹ̀jẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ọdún 1913, John Jacob Abel àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Baltimore mú ẹ̀jẹ̀ ajá gba inú ọ̀pá tín-ín-rín kọjá nínú omi iyọ̀, kí ìdọ̀tí lè yọ́ sínú omi náà. Ẹ̀jẹ̀ máa ń dì bó bá kúrò lára, wọ́n sì nílò ohun tí kò ní jẹ́ kó dì. Inú orí eṣúṣú ni wọ́n ti rí i, nítorí eṣúṣú mọ bí wọ́n ṣe ń mu ẹ̀jẹ̀ tí kò fi ní dì mọ́ wọn lẹ́nu. Ní ọdún 1914 ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ajá, wọ́n ya omi rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n dá sẹ́ẹ̀lì pupa padà sí i lára. Wọ́n sì pe iṣẹ́ náà ní plasmapheresis. Ní ọdún 1943, nígbà ogun, Willem Kolff ní ìlú Kampen, ilẹ̀ Netherlands, fi ọ̀rá tí wọ́n fi ń di sọ́séèjì ṣe kíndìnrín àtọwọ́dá. Inú iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí ni gbogbo ọ̀nà òde òní ti jáde.

Ọ̀nà tí etí ti gbọ́ jù ni èyí tí wọ́n ń lò fún oníkíndìnrín. Ihò asẹ́ rẹ̀ kéré púpọ̀: iyọ̀ àti ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ ló ń kọjá, àwọn èròjà ńlá kò lè kọjá. Ọ̀pọ̀ oògùn sì gun ẹ̀yìn èròjà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní albumin. Nínú phenytoin inú ẹ̀jẹ̀, bí ìdá 90 nínú 100 ló so mọ́ albumin, nítorí náà ẹ̀rọ oníkíndìnrín lásán kò lè rí i kó tó nǹkan. Bí wọ́n bá lo ẹ̀rọ yìí fún ẹni tí awọ rẹ̀ ń bó, ó sábà máa ń jẹ́ pé kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀ láàárín wàhálà náà. Oxypurinol yàtọ̀ díẹ̀. Kò so mọ́ albumin bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ náà sì lè fà á jáde.

Ọ̀nà kejì ni pípààrọ̀ omi ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní plasma. Òun ni wọ́n ti lò jù fún TEN. Dókítà á ti ọ̀pá oníhò méjì bọ inú iṣan ńlá ní ọrùn tàbí níbi tí itan ti pàdé ikùn, á wá ibi tí awọ kò tíì ṣí. Ẹ̀jẹ̀ á máa jáde gba ihò kan lọ sínú asẹ́ tí wọ́n fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún okùn tín-ín-rín oníhò ṣe, á sì máa gba ihò kejì padà. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn tó ń sẹ́ ògì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: omi ń gba ihò aṣọ jáde, èèrí ń dúró sókè. Níhìn-ín, sẹ́ẹ̀lì pupa àti funfun ló dúró, omi ẹ̀jẹ̀ ló jáde, pẹ̀lú ohun gbogbo tó yọ́ sínú rẹ̀: albumin, oògùn, èròjà ìjà, èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Omi náà á máa kán sínú ọ̀rá ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí òróró ẹ̀pà. Fún àgbàlagbà tó wọn 60 kílò, ohun tí wọ́n ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan máa ń tó lítà 2.5 sí 3, ó sì máa ń gba bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta. Bí omi àtijọ́ ṣe ń jáde ni wọ́n ń fi omi albumin, tàbí omi ẹ̀jẹ̀ tí àwọn mìíràn fi tọrẹ, dípò rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó dúró ti ẹ̀rọ náà kì í jìnnà sí ojú aláìsàn. Oògùn tí wọ́n ń fi sí i kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì nínú ẹ̀rọ, citrate, máa ń so mọ́ kálísíọ̀mù ẹ̀jẹ̀. Lára àwọn aláìsàn mìíràn, àmì àkọ́kọ́ tí wọ́n ń rí ni pé ètè á bẹ̀rẹ̀ sí í jó wọn gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Ètè ẹni yìí ti bó, ó ti ń ta tẹ́lẹ̀. Kò lè mọ ìyàtọ̀. Ìka ọwọ́ ni nọ́ọ̀sì á máa béèrè, á sì máa wo ìlà ọkàn lójú ẹ̀rọ, kí ó lè tètè fún un ní kálísíọ̀mù.

Ìṣirò kan wà níbẹ̀ tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Bí wọ́n bá pààrọ̀ omi ẹ̀jẹ̀ tó dọ́gba pẹ̀lú gbogbo èyí tó wà lára, bí ìdá 63 péré nínú 100 èròjà tí wọ́n ń wá ni wọ́n máa rí kó. Kí ẹnì kan máa gbọ́n omi ìdọ̀tí kúrò nínú àmù nígbà tí ẹnì kejì ń da omi mímọ́ sí i: díẹ̀ nínú omi mímọ́ náà ni ẹni àkọ́kọ́ á tún gbọ́n dànù. Pẹ̀lúpẹ̀lù, inú ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ni oògùn ń gbé. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wọ inú ọ̀rá àti ẹran ara, á sì máa padà sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti dúró. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, lójoojúmọ́ tàbí ní ọjọ́ kan ṣíkejì, títí awọ fi máa ṣíwọ́ bíbó.

Ọ̀nà kẹta jẹ́ ti àwọn ará Japan, asẹ́ méjì ni. Omi ẹ̀jẹ̀ tó jáde láti inú asẹ́ àkọ́kọ́ á tún gba inú èkejì tí ihò rẹ̀ kéré jù ú lọ. Àwọn èròjà ràbàtà á dúró síbẹ̀, albumin á kọjá padà sára aláìsàn. Èrè rẹ̀ ni pé kò ná ni ní albumin púpọ̀. Àléébù rẹ̀ sì wà nínú èrè yẹn kan náà. Ohunkóhun tó bá kéré tó albumin tàbí tó so mọ́ ọn á bá a padà wọlé, àwọn oògùn àti ọ̀pọ̀ èròjà ìjà sì kéré bẹ́ẹ̀. Fún àìsàn tí èròjà ńlá ń fà, asẹ́ méjì dára. Fún ti oògùn, asẹ́ kan pẹ̀lú pípààrọ̀ gbogbo omi náà ló bá ìdí rẹ̀ mu jù.

Ọ̀nà kẹrin kò ya omi sọ́tọ̀ rárá. Ẹ̀jẹ̀ odindi ni wọ́n ń mú gba inú agolo tó kún fún èédú tàbí hóró rẹ́sìnì, kí ìdọ̀tí lè lẹ̀ mọ́ wọn. Dókítà ọmọ Gíríìsì kan, Yatzidis, fi èédú ṣe é ní ọdún 1964 fún àwọn tó gbé oògùn oorun mì ní àmujù. Lónìí, àwọn dókítà ní Ṣáínà ń lo rẹ́sìnì pẹ̀lú àwọn oògùn mìíràn fún ìgbòdì tó le. Ó ń mú ohun tó so mọ́ albumin ju ẹ̀rọ oníkíndìnrín lọ. Àwọn hóró ẹ̀jẹ̀ tó ń dí ojú egbò náà máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, iye wọn á sì wálẹ̀.

Ewu wà nínú gbogbo wọn. Ọ̀pá inú iṣan jẹ́ ilẹ̀kùn fún kòkòrò lára ẹni tí kò ní awọ tó ń dá wọn dúró mọ́. Pípààrọ̀ pẹ̀lú albumin ń kó èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì lọ, ibi tó ti bó sì lè máa ṣẹ̀jẹ̀. Omi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lè mú kí ara tún yún, kó tún sú, kí dókítà má mọ èwo ni ti àtijọ́. Ìfúnpá lè já wálẹ̀. Asẹ́ náà kò sì mọ oògùn tó ń wo aláìsàn yàtọ̀ sí èyí tó ń pa á. Immunoglobulin, èròjà ajàfúnra tí wọ́n ń fà láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, wà lára ohun tí wọ́n ń fún irú aláìsàn yìí, kò sì wọ́n díẹ̀. Ẹni tó bá gbà á láàárọ̀, tí wọ́n sì pààrọ̀ omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án, owó ńlá ni wọ́n dà sínú ọ̀rá yẹn. Lẹ́yìn ẹ̀rọ ni wọ́n ń fún un.

Ó ha ń ṣiṣẹ́ bí? Láti ọdún 1985 ni àwọn dókítà ní Jámánì ti kọ̀wé nípa aláìsàn díẹ̀ tí ara wọn yá lẹ́yìn pípààrọ̀ omi ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìròyìn bẹ́ẹ̀ ti tẹ̀ lé e, púpọ̀ nínú wọn nípa ẹni márùn-ún, ẹni mẹ́wàá. Nínú wọn, ìrora máa ń rọlẹ̀, ìléròrò tuntun sì ń dáwọ́ dúró láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn náà fúnra rẹ̀ máa ń dáwọ́ bíbó dúró lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ̀rọ wà tàbí kó má wà, àwọn tí wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ wọn sì sábà máa ń gba oògùn mìíràn pẹ̀lú. Ní ọdún 1999, àwọn dókítà ní Sweden gbé àwọn tí wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí wọn kò fọ̀, wọn kò rí ìyàtọ̀ tó ṣe kedere. Ní Japan, níbi tí pípààrọ̀ omi ẹ̀jẹ̀ ti wọ inú ìlànà ìtọ́jú, ìwádìí tó jáde ní ọdún 2023 láti inú àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn fi í wé immunoglobulin: iye àwọn tó kú kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àwọn tí wọ́n pààrọ̀ omi ẹ̀jẹ̀ wọn sì pẹ́ jù nílé ìwòsàn. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà fi í sí ìpele kẹta fún TEN tó kọ̀ tí kò gbóògùn, ìyẹn ìpele tí dókítà gbọ́dọ̀ ti wo aláìsàn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ipò tó yẹ ẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ lè kó ohun tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Kò lè dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì ajagun tó ti wọ inú awọ, kò sì lè jí awọ tó ti kú dìde. Oògùn tó ń pa ìpè ogun náà lẹ́nu mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ti ń yọjú. Ní ọdún 2024, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature gbé ìròyìn aláìsàn méje jáde ní Ṣáínà tí wọ́n fún ní irú oògùn bẹ́ẹ̀, tí gbogbo wọn sì bọ̀ sípò. Ẹni méje kéré, ṣùgbọ́n ojú wà lára rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ẹ̀rọ oníkíndìnrín wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH Ìbàdàn, LUTH Èkó àti OAUTHC Ilé-Ifẹ̀. Níní ẹ̀rọ yìí kò túmọ̀ sí pé asẹ́ omi ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀, nítorí asẹ́ rẹ̀ yàtọ̀, omi tí wọ́n máa dá padà náà sì yàtọ̀. Ọ̀rá omi ẹ̀jẹ̀ kan máa ń tó mílílítà 200 sí 250. Lítà 3 fún ìgbà kan ṣoṣo jẹ́ ọ̀rá 12 sí 15, ẹni 12 sí 15 tó fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ nìyẹn, fún aláìsàn tí wọ́n lè fẹ́ fọ̀ ní ìgbà márùn-ún. Ẹbí wo ló lè kó irú èrò bẹ́ẹ̀ jọ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá?

Ìtọ́jú tó ń gba ẹ̀mí là jù lọ, kò sí ẹ̀rọ nínú rẹ̀. Yàrá á gbóná díẹ̀, ní bí 25 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi á máa wọ ara ní ìwọ̀n, oúnjẹ á gba ọ̀pá imú lọ sínú ikùn nígbà tí ẹnu kò bá lè gbé e, dókítà ojú á sì máa wá lójoojúmọ́ láti ya ohun tó ń so ìpéǹpéjú mọ́ ẹyin ojú. Aṣọ tí kò ní lẹ̀ mọ́ egbò ni wọ́n ń lò. Ní Íńdíà, ìwádìí ọdún 2003 lórí àwọn tí iná jó fi hàn pé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fọ̀ mọ́ kì í lẹ̀ mọ́ egbò. Kò sí ìdí tó fi máa ya ẹni tó ń fi ewé di ẹ̀kọ lẹ́nu.

Awọ máa ń hù padà láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú àbàwọ́n tó lè pẹ́ gan-an. Èékánná lè ré, á tún hù. Ojú ló ń pẹ́ jù: omijé lè gbẹ, irun ìpéǹpéjú lè máa hù sínú ẹyin ojú, ẹlòmíràn sì ń ti ibẹ̀ fọ́jú. Kí ó tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, dókítà á kọ fọ́ọ̀mù ìgbòdì oògùn ránṣẹ́ sí NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn, á sì fún un ní káàdì tó máa wà nínú àpò rẹ̀. Orúkọ oògùn fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìkan. Co-trimoxazole tó wà nínú Septrin ló wà nínú Bactrim. Ẹni tí phenytoin bó lára kò gbọ́dọ̀ gba carbamazepine tàbí phenobarbital dípò rẹ̀, nítorí ọmọ ìyá ni wọ́n. Wọ́n á tún sọ fún àwọn ọmọ ìyá aláìsàn fúnra rẹ̀, torí àmì HLA kan náà lè wà lára wọn.